Ọdún Tí Ilé Bàbá Mi Fi Koríko Borí

Ìgbálẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ láàárọ̀. Kí ládàánì tó pe ìrun àsùbáà ni Ìyá Àgbà ti ń gbá iyanrìn agboolé wa ní Amoutivé, nílùú Lomé, ṣàà, ṣàà, tí yóò sì máa bá ìgbálẹ̀ náà wíjọ́ bí ẹni pé òun ló da ewé sílẹ̀. Ikọ́ Papa Kofí, onílé wa, ni yóò tẹ̀ lé e láti yàrá ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn ikọ́ náà ni búútà àlùwàlá bàbá mi yóò kan àpáta, lẹ́yìn ìyẹn ni ọkọ̀ ojú irin yóò fọn fèrè rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ìyá mi yóò sì ní àwọn tó ń lọ Atakpamé ti ń lọ nìyẹn. Òkun kì í dákẹ́ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ wa lára débi pé àlejò ló máa ń rán wa létí pé ó ń hó. Mo ti darúgbó báyìí, mo sì ti sùn nínú ilé tó dára ju ìyẹn lọ, àmọ́ bí mo bá fẹ́ rántí ìgbà tí ọkàn mi balẹ̀ jù lọ láyé, agboolé oníyanrìn yẹn ni mo máa ń padà sí. Ọdún kan pàtó ni mo fẹ́ sọ, ọdún tí eyín tuntun yọ lẹ́nu mi, tí ilé tí a ń gbé sì fẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ọ̀ffà ni wọ́n ti bí bàbá mi. Lomé ni wọ́n ti bí èmi. Ìyá Àgbà, tó bí bàbá mi, ló kọ́kọ́ gbé ẹrù wá síbẹ̀ láyé àwọn Jámánì, nígbà tó jẹ́ pé orí ló fi ń ru ẹrù, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn. Ó máa ń sọ pé òyìnbó oríṣi méjì ló ti gba owó orí lọ́wọ́ ìdílé òun, àti pé ọwọ́ Faransé ló gùn jù nínú àwọn méjèèjì. Bàbá mi ń ta wọ́sìwọ́sì lọ́jà: àgádágodo, dígí, ọ̀bẹ, abẹ́rẹ́. Ìyá mi ń ta àdìrẹ tí wọ́n ń kó wá fún un láti Abẹ́òkúta. Àpò bàbá mi lọ́tọ̀, àpò ìyá mi lọ́tọ̀, bó ṣe máa ń rí nílé Yorùbá, bàbá mi kò sì mọ ohun tó wà nínú àpò ìyá mi ju bí èmi náà ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Yàrá méjì la gbà ní ẹ̀yìn agboolé. Ní iwájú wa ni Bàbá Sàlámì ń gbé, ará Ọ̀ffà bíi tiwa, tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ bàbá mi lọ́jà. Àwọn ayálégbé yòókù jẹ́ ọmọ Lomé. Yorùbá la ń sọ nínú yàrá, Mínà nínú agboolé, ọjọ́ tí wọ́n mú àbúrò mi lọ sí ilé-ìwé ni Faransé náà bá a wọlé, tí kò sì sí ewúrẹ́ tó bá pàdé tí kì í kí ní "Bọ́ǹsúù, mùsíyé."

Nílé wa, ọmọ tó bá ti káyín, tí eyín tuntun sì ti yọ, kì í ṣe ọmọ ọwọ́ mọ́ lójú Ìyá Àgbà. Yóò pè é sórí ẹní rẹ̀, yóò tú etí ìró rẹ̀, yóò sì fún un ní owó díẹ̀. "Ojú owó rẹ rèé," ni yóò wí. "Èrè ni kí o máa jẹ. Ẹni tó bá jẹ ojú owó ti jẹ irúgbìn, kó má wá tọrọ iṣu lọ́wọ́ mi." Kò ní sọ ohun tí wàá rà fún ọ. Ìwọ ni wàá rìn kiri, tí wàá wo ohun tí àwọn ènìyàn ń fẹ́ tí wọn kò rí rà nítòsí. Nígbà tó kàn mí, mo rìn, mo wò, mo sì rí i pé àwọn alábàárù tó ń mu ògì gbígbóná láàárọ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin máa ń yọjú sínú igbá wọn bí ẹni tí nǹkan sọnù fún. Ṣúgà ni wọ́n ń wá. Mo ra páálí ṣúgà oníkóró kan, mo sì ń tà á ní kóró kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ra ẹyọ kan, mo dúpẹ́. Ẹni tó ra méjì, mo kúnlẹ̀ fún un. Obìnrin Mínà tó ń ta ògì náà fẹ́ràn mi nítorí pé ọjà rẹ̀ ń yá sí i. Bí ó bá ti rí mi lókèèrè, á fi Mínà kí mi káàbọ̀, "Wòézọ̀!" á sì fi ìdí rẹ̀ sún àyè fún mi lórí bẹ́ǹṣì.

Àṣálẹ́ ni ìdánwò wà. Bí a bá ti kírun mágàríbì tán, a ó jókòó yí oúnjẹ ká. Ablò ni mo fẹ́ràn jù, oúnjẹ àgbàdo tí àwọn obìnrin Amoutivé ń sè, tó funfun, tó rọ̀, tó sì dùn díẹ̀ lẹ́nu, pẹ̀lú ẹja tútù láti etíkun àti ata tó ń ta ni létí. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹja, Ìyá Àgbà yóò wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ràbí, kí ni owó rẹ bí lónìí?" Èmi ni Ràbí. "Ó bí ọmọ kan, Ìyá." Bí èrè bá pọ̀, a ní ó bí ìbejì. Bí ọjà kò bá tà, a ní ó yàgàn lónìí. Ìyá mi ló láwàdà jù nínú wa, bó bá ta àwìn, á ní, "Ó ti lóyún, Ìyá, àmọ́ mi ò mọ ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀." Bàbá mi náà, tòun ti irùngbọ̀n rẹ̀ tí gbogbo ọjà ń bọ̀wọ̀ fún, á dáhùn bíi tiwa. Ìyá Àgbà kì í bú ẹni tí owó rẹ̀ yàgàn. Ohun tí kò gbà ni kí a bi ọ́ léèrè kí o má mọ̀. Lóde òní mo máa ń gbọ́ àwọn onímọ̀ lórí rédíò tí wọ́n ń kọ́ni bí a ṣe ń mú owó ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn dára, mo sì máa ń tẹ́tí sí wọn dáadáa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, òórùn ablò ló máa ń kún imú mi.

Ohun kan ṣoṣo ni Ìyá Àgbà kì í béèrè nípa rẹ̀: ilé Ọ̀ffà. Gbogbo ará Ọ̀ffà tó wà ní Lomé nígbà náà ló ní ilé méjì: èyí tí wọ́n kọ́ tí wọn kò gbé, àti èyí tí wọ́n ń gbé tí wọn kò ní. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, owó á lọ sílé. Wọn á fi kún ògiri, wọn á fi ra ilẹ̀kùn. Ilé Bàbá Sàlámì ti ní páànù lórí. Ó máa ń jókòó sórí àpótí ní iwájú yàrá kan ṣoṣo tí òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ẹrù ìlẹ̀kẹ̀ jọ ń sùn, á máa ṣàpèjúwe bí páànù ọ̀hún ṣe ń kọ mànà lójú oòrùn, bí yàrá rẹ̀ ṣe gbòòrò, bí fèrèsé rẹ̀ ṣe kọjú sí ọjà. Àwa ọmọdé a máa la ẹnu sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí ohun tó burú níbẹ̀, àwọn àgbà pàápàá kò rí i. Ilé tí bàbá mi ń kọ́ ti ga dé òkè ògiri. Páànù ló kù, owó páànù náà sì ti pé lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún yẹn.

Ẹ má fi bàbá mi rẹ́rìn-ín o. Nígbà tí ó wà ní kékeré, òjò wó ilé bàbá rẹ̀, òun àti ìyá rẹ̀ sì ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹbí kan tí ìyàwó onílé máa ń gbálẹ̀ gbá ẹsẹ̀ wọn láàárọ̀ kí wọ́n lè tètè dìde. Ó búra nígbà náà pé òun yóò kọ́ ilé sí àdúgbò yẹn gan-an, kí obìnrin náà máa rí i. Obìnrin náà ti kú tipẹ́. Bàbá mi kò dẹ́kun kíkọ́. Nígbà tí mo dàgbà tí mo mọ ìtàn yìí ni mo tó lóye ìdí tí ọ̀rọ̀ páànù fi máa ń ká a lára tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán kan ni Papa Kofí wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Ìyá Àgbà níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó fi Mínà kí i, ó pè é ní Mama Ànàgó bó ṣe máa ń pè é, ó wúkọ́, ó sì ní òun fẹ́ padà sí Agoè. Oko òun wà níbẹ̀, àwọn ọmọ òun wà níbẹ̀, ariwo Lomé ti sú òun. Ó fẹ́ lọ gbin ẹ̀gẹ́, kó ra àgùntàn, kó sì máa jí nígbà tó bá wù ú. Nítorí náà òun fẹ́ ta agboolé náà. "Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún," ló wí, "torí ọwọ́ rẹ, Mama, ló gba àkọ́bí mi nígbà tí ìyá rẹ̀ ń rọbí. Àmọ́ akọ̀wé kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba létí òkun ti ń yọ mí lẹ́nu. Bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ tí mi ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu yín, màá tà á fún un." Ìyá Àgbà fi Mínà dúpẹ́, ó ní "Akpé, Kofí," ó sì ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Mo rí i pé ó ń da ẹ̀wà tó dára mọ́ èyí tó ti bàjẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó bi wá bó ṣe máa ń bi wá. Tèmi bí ọmọ kan. Ti ìyá mi lóyún. Ti bàbá mi bí ìbejì. A ti na ọwọ́ sí ẹja nígbà tí ó tún wo bàbá mi lójú. "Ilé Ọ̀ffà ńkọ́? Kí ló bí?"

"Ìyá, ilé kì í ṣe ọjà."

"Mo mọ̀. Mo kàn ní kí n béèrè ni. Ó pẹ́ tí o ti gbé e níyàwó."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín débi pé mo gbé ablò mì láìjẹ ẹ́. Bàbá mi fọ ọwọ́ rẹ̀ láìtíì jẹun. "Àjò kò lè dùn kí onílé má relé, Ìyá," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ yẹn." Ó dìde, ó lọ bá Bàbá Sàlámì lórí àpótí rẹ̀, a sì ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ iye tí páànù ń lọ àti bí wọn yóò ṣe gbé e kọjá ààlà.

 Ìyá mi ló kàn láti kó èésú lóṣù náà, owó tí àwọn obìnrin ọjà ń dá jọ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ẹnì kan ń kó lóṣooṣù, ó sì ti ní òun yóò fi ra ẹrù àdìrẹ tuntun. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bó ti ń di irun mi, ó ń sọ̀rọ̀ sókè bí ẹni ń bá orí mi sọ ọ́. Yàrá tí a kò gbé nínú agboolé yìí pọ̀ ju èyí tí à ń gbé lọ. Gbogbo ẹni tó wà nínú wọn ló ń sanwó. Papa Kofí kì í ru ẹrù, kì í patẹ, ikọ́ ló ń wú kiri, síbẹ̀ owó ń wá bá a níbi tó jókòó sí. "Ilé Ọ̀ffà ńkọ́, Ràbí? Ta ni yóò sanwó fún bàbá rẹ níbẹ̀?" Mo ronú. Àbúrò bàbá mi tó dé láti Ọ̀ffà ní àìpẹ́ ti sọ fún wa pé aláǹgbá ló kún inú rẹ̀. "Aláǹgbá ni, Ìyá," mo wí. Ó rẹ́rìn-ín, ó fa irun mi, ó sì ní kí n má sọ ìyẹn létí bàbá mi láéláé.

Nígbà tí ó kó èésú rẹ̀, ó wọ yàrá lọ bá bàbá mi, ó kúnlẹ̀. Ẹni tó bá gbé yàrá méjì tó ní aṣọ ìkélé láàárín mọ̀ pé kò sí àṣírí níbẹ̀.

"Bàbá Ràbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá mi ní owó páànù. Tèmi kò tó, tiyín kò tó. Bí a bá pa á pọ̀, ó tó."

"Kí páànù wá dà?"

"Àwọn ayálégbé ni yóò ra páànù. Ẹ jẹ́ kí á ra èyí tó ń mówó wá ná, kí òun náà sì ra èyí tó jẹ́ ti iyì."

"Òjò ńkọ́? Ṣé òjò yóò dúró de ayálégbé ni? Ògiri amọ̀ ni mo mọ. Bí òjò ọdún yìí bá bá a bẹ́ẹ̀, ó ti wó nìyẹn."

 "Koríko wà ní Ọ̀ffà," ni ìyá mi wí.

Mi ò tíì gbọ́ kí bàbá mi pariwo mọ́ ìyá mi rí. "Koríko! Kí n fi koríko bo ilé lójú Sàlámì!" Gbogbo agboolé ló gbọ́ ọ, Sàlámì pàápàá gbọ́ ọ, ó sì wúkọ́ kékeré kan tí kì í ṣe ti àìsàn.

Ẹ̀ẹ̀rùn ń lọ sópin. Àwọsánmà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú lórí òkun ní ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ kan ni akọ̀wé náà gbé kẹ̀kẹ́ wọlé, ọkùnrin tó mọ́ tónítóní tí bàtà rẹ̀ ń dún lórí iyanrìn, ó kí wa dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wọn agboolé láti ògiri dé ògiri. Ó dé ibi ìdáná ìyá mi, ó dúró, ó wò ó, ó ní ibẹ̀ ni òun yóò máa gbé kẹ̀kẹ́ sí. Kò sọ ọ́ láti bú wa; ó ń rò ó sókè ni. Ìyá mi ń ro ọbẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbé ìkòkò sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí iná, ó sì dúró tì í bí ìgbà tí ènìyàn bá dúró ti ọmọ rẹ̀.  Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ibi tí a bí mi sí lè má jẹ́ tiwa.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá mi ti mọ́sálásí dé, kò bọ́ agbádá rẹ̀, ó lọ jókòó níwájú Ìyá Àgbà. Mò ń tẹ ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà lọ́wọ́; wọn kò lé mi.

"Ìyá, nítorí yín ni mo ṣe ń kọ́ ọ," ni bàbá mi wí. "Bí ọlọ́jọ́ bá dé, ibo ni mo fẹ́ tẹ́ yín sí? Ṣé yàrá tí a háyà ni?"

Ìyá Àgbà fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi. "Mùsùlùmí ni mí, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Bí mo bá kú láàárọ̀, ẹ ó ti sin mí kí oòrùn tó wọ̀. Ta ni yóò gbé mi dé Ọ̀ffà láàárín ìyẹn? Ṣé Faransé ni yóò ru mí dé ààlà kí Gẹ̀ẹ́sì wá gbà mí?"

Bàbá mi fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín.

"Mo mọ ẹni tí o ń kọ́lé náà fún," ni Ìyá Àgbà wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ẹsẹ̀ tèmi náà wà níbẹ̀ nígbà tó ń gbálẹ̀ gbá wa. Mo ti dárí jì í. Gbọ́ mi, ọmọ mi. Láti ìgbà tí mo ti délé ayé, ilẹ̀ onílẹ̀ ni mò ń gbá. Láràárọ̀ ni mò ń gbá ilẹ̀ Kofí. Mo fẹ́ gbá tiwa kí n tó lọ."

Bàbá mi bo ojú rẹ̀. Mo wo ibòmíràn, torí pé ojú tì mí láti rí i bẹ́ẹ̀, inú mi sì dùn, n kò mọ ìdí tí méjèèjì fi wà pọ̀. Nígbà tí ó dìde, ó wọlé lọ bá ìyá mi, ó ní, "Owó páànù rèé. Bí koríko náà bá jò, orí rẹ ni yóò jò sí." Ìyá mi kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì gba owó náà kíákíá kó má baà yí ọkàn padà.

Bí a ṣe ra agboolé náà nìyẹn. Àwọn àbúrò Papa Kofí wá láti Agoè pẹ̀lú ọtí wọn, wọ́n ta ọtí náà sílẹ̀ fún àwọn bàbá wọn tó ti kú. Bàbá mi sanwó ọtí náà ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tí wọ́n béèrè orúkọ ẹni tó ra ilẹ̀, bàbá mi la ẹnu láti dáhùn, Ìyá Àgbà sì já a gbà. "Owó méjì ló rà á," ló wí, "orúkọ méjì ni kí ó wà níbẹ̀." Àwọn ọkùnrin wojú ara wọn. Mi ò mọ iye obìnrin tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sórí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wa nígbà náà, àmọ́ orúkọ ìyá mi wọ ibẹ̀. Papa Kofí gbé àga rẹ̀ àti odó rẹ̀ sórí ọmọlanke, ó sunkún díẹ̀, ó ní kí a má gé igi níìmù, dóńgóyárò tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ kan náà.

Àbúrò bàbá mi gba owó díẹ̀, ó padà sí Ọ̀ffà, ó fi koríko bo ilé. Ìròyìn náà dé Lomé kí òun fúnra rẹ̀ tó ránṣẹ́. Ní mọ́sálásí, ní ọjà, níbi ìsọmọlórúkọ, Bàbá Oníkoríko ni wọ́n ń pe bàbá mi. Bàbá Sàlámì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì mú un dùn bí orin. Lóṣooṣù, yóò kó owó ilé rẹ̀ wá fún ìyá mi pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ìyá Onílé, owó yín rèé o. Ẹ fi ra koríko."

"Ẹ ṣeun, Bàbá Sàlámì," ni ìyá mi á dáhùn. "A ó fi rà á."

Àwa ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá, Ìyá Àgbà á sì gbé ìró bo ẹnu. Àmọ́ ó dun bàbá mi. Lọ́dún yẹn kò lọ sílé fún Iléyá, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ó ní ẹrù pọ̀ lọ́jà. Mo rí i lọ́jọ́ Iléyá náà níbi tó jókòó sí lábẹ́ igi níìmù, tí ó ń pọ́n ọ̀bẹ tó ti mú tẹ́lẹ̀. Ìyá mi kò bá a sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Orí ẹja ló ń gbé sí àwo rẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì kìlọ̀ fún wa pé ẹni tó bá fi bàbá wa ṣe yẹ̀yẹ́ níta, òun lòun yóò kọ́kọ́ nà. Nígbà yẹn mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà á. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, ìfẹ́ àwọn tí kì í fi ẹnu sọ ọ́.

Ìyá mi kò sì jẹ́ kí owó àwọn ayálégbé náà jókòó. Bí ó bá ti gbà á, ó ti wọ inú àdìrẹ. Ó ra ẹrù ṣáájú Ìtúnu Ààwẹ̀ nígbà tí owó rẹ̀ ṣì rọjú, ó dì í mọ́ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì tà á nígbà tí gbogbo obìnrin Mùsùlùmí Lomé ń wá aṣọ ọdún kiri. Lọ́dún yẹn, nígbà tí Ìyá Àgbà bá bi wá lálẹ́, oyún owó rẹ̀ kò bà jẹ́ rárá. Èmi náà ti kúrò ní páálí ṣúgà kan, mo ti wọ méjì, ológì sì ti fún mi ní bẹ́ǹṣì tèmi. A ń jẹ ablò, a ń jẹ ẹja, òjò ń lu òrùlé tó jẹ́ tiwa, ó ń jò ní igun kan, Ìyá Àgbà á gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, á ní jíjò tẹni kì í dunni. Láàárọ̀, ìgbálẹ̀ rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ búra pé ó ń gbálẹ̀ pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó jí gbá a fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, kí Ọlọ́run tó pè é, ilẹ̀ Lomé náà la sì sin ín sí kí oòrùn tó wọ̀, bó ṣe fẹ́.

Ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, àwọsánmà tún fẹ́ máa ṣú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí a tó jẹun, ìyá mi gbé aṣọ dídì kan wá síwájú bàbá mi, ó kúnlẹ̀. "Bàbá Ràbí, owó páànù yín rèé. Ó pé." Bàbá mi tú aṣọ náà. Kò kà á. Ó kàn ń wò ó ni, ó sì gbé ọwọ́ lé e. Bàbá Sàlámì tí etí rẹ̀ kì í jìnnà ti dìde lórí àpótí rẹ̀, ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Kí n má purọ́, inú rẹ̀ dùn tọkàntọkàn. Ẹlẹ́fẹ̀ ni, kì í ṣe ènìyàn búburú.

"Alhamdulillahi!" ló ké. "Ó parí! Kò sí Oníkoríko mọ́! Lọ́la, èmi àti ìwọ yóò jọ lọ wo páànù."

Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ìyá mi. "Ìyá Ràbí, àbúrò Kofí tó ní ilẹ̀ ní Nyékonakpoè níhìn-ín ní Lomé, níbi tí àgbọn wà yẹn, ṣé ó ṣì fẹ́ tà á?"

Ìyá mi wò ó. "Ó ṣì fẹ́ tà á."

"Oníkoríko," ni Bàbá Sàlámì wí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà, "ilé Ọ̀ffà ńkọ́?"

Bàbá mi di aṣọ náà padà, ó ta á ní kókó, ó gbé e lé ọwọ́ ìyá mi.

"Koríko ibẹ̀ kò tíì jò," ló wí, ó sì fa àwo ablò sọ́dọ̀.